Pálọ̀ Tí Ìyálé Ṣe Lọ́ṣọ̀ọ́ fún Ìyàwó

Obìnrin tó bá ní òun ò jowú rí, kó pa ìwé yìí dé kó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ìtàn tirẹ̀ kọ́ nìyí. Ìtàn àwa tí inú wa máa ń hó nígbà tí ẹnu wa ń sọ pé "ẹ káàbọ̀" ni, àwa tí a ti rẹ́rìn-ín títí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn wá.

Zùwáírátù ni ẹ máa pe obìnrin tọ́rọ̀ kàn. Bódìjà ló ń gbé, Ring Road ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣe inú ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ kọ́lé tán, ẹ ké sí i, òun ló máa sọ ọ̀dà tó yẹ ara ògiri, irú gílóòbù tó yẹ òkè àjà, ibi tí àga máa wà àti ibi tí kọ́tìnnì máa balẹ̀ dé. Ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ilé ìwòsàn, ọ́fíìsì lọ́yà, ilé àwọn ọ̀gá ìjọba, kò sí èyí tí kò tíì fọwọ́ kàn.

"Ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀ sí ilé," ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. "Nínú ilé, ẹ fẹ́ kí èèyàn jókòó kó gbàgbé ibi tó ń lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fẹ́ kó ṣe ohun tó bá wá, kó dìde fún ẹlòmíràn. Ẹ ò sì lè fi ẹnu sọ ọ́ fún un. Àga, iná àti ọ̀dà ló máa bá yín sọ ọ́."

Ẹ wo ti Ọlárónkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní ilé oúnjẹ ní Challenge. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ ibẹ̀ di pálọ̀ bàbá wọn. Wọ́n á ra ìgò móòtì kan, wọ́n á jókòó tì í láti ọ̀sán títí oòrùn á fi wọ̀, wọ́n á máa tẹ fóònù, àwọn tí ebi ń pa á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọlárónkẹ́ ò lè lé wọn, oníbàárà ṣáà ni wọ́n.

"Má lé ẹnikẹ́ni," ni Zùwáírátù wí. "Jẹ́ kí àga lé wọn."

Ó kó àwọn àga onítìmùtìmù jáde. Ó gbé èyí tí wọ́n fi irin àti pákó ṣe wọlé, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúró ṣánṣán, tí ibi ìjókòó rẹ̀ rọra tẹ̀ síwájú, tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni èèyàn fi ń gbé ara rẹ̀ ró láìmọ̀. Ó yí gbogbo rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ìlẹ̀kùn. Ó fi gílóòbù funfun tó mọ́lẹ̀ kedere sí òkè, ó ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò, ó kun ògiri ní ọ̀dà aláwọ̀ ọsàn. Láìpẹ́, àwọn ọmọ náà ń jẹun, wọ́n ń nu ẹnu, wọ́n ń dìde. Wọn ò mọ ohun tó ń lé wọn. Wọ́n kàn rò pé àwọn ní ibì kan í lọ ni.

Ọgbọ́n iṣẹ́ nìyẹn, kò sì burú. Níbi tó gbé e lọ lẹ́yìn náà ló burú.

Alhaji Ṣàmsúdéènì ni ọkọ rẹ̀. Ìdílé wọn ní ilẹ̀ àti ilé káàkiri Ìbàdàn, òun ló ń bá wọn bójú tó o. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹni tí kì í fi ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn ṣeré. Bó bá ra bàtà fún ọmọ kan, ọmọ yòókù ò ní sùn láìrí tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó wá jókòó ti ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá Suhail, ọ̀rọ̀ kan wà. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi lo ti máa gbọ́ ọ."

"Mò ń gbọ́ yín."

"Mo fẹ́ fẹ́ ìyàwó kan. Shakirah lorúkọ rẹ̀. Tíṣà ni, ní Àpáta."

Zùwáírátù wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀sìn gbà fún ọkọ, bàbá tó bí òun pàápàá ò mọ síyàwó kan, kí ló wá fẹ́ sọ? "Ọlọ́run á jẹ́ kó yẹ yín," ó dáhùn. Ó dìde, ó wọ kíṣìnì, ó ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ kó máa ya, ó sì sunkún lábẹ́ ariwo omi náà. Ẹnu ló gbà, inú ò gbà.

Kó tó di ọjọ́ nìkáhì, ọkọ rẹ̀ tún gbé òmíràn dé.

"Ilé wa tó wà ní Akobo ni Shakirah máa gbé. Ìwọ ni mo fẹ́ kó bá mi ṣe inú rẹ̀."

"Èmi kẹ̀?"

"Ọwọ́ tó ṣe pálọ̀ Bódìjà yìí ni mo fẹ́ kó ṣe ti Akobo. Tí mo bá gbé e fún ẹlòmíràn, tó wá dáa ju tìẹ lọ, mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sì tó tìẹ, mo ti ṣẹ ọmọ ọlọ́mọ. Ọwọ́ kan náà ni kó ṣe méjèèjì, kí ọkàn mi lè balẹ̀."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin. Ó rò pé àìṣègbè lòun ń ṣe. Kò mọ̀ pé òun ń gbé ọ̀bẹ lé orogún lọ́wọ́ pé kó fi bá orogún rẹ̀ ge àlùbọ́sà.

Mi ò ní purọ́ mọ́ Zùwáírátù o, ó kọ́kọ́ fẹ́ ṣe é dáadáa. Ó ya àwòrán ilé náà sórí ìwé, ó sì lẹ́wà: àga ìrọ̀gbọ̀kú ńlá ní kọ̀rọ̀, níbi tí ẹni tó jókòó á ti máa rí ẹni tó ń wọlé, iná tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn, tábìlì kékeré tí èèyàn lè gbé ife tíì lé. Ó tiẹ̀ ya ibi ìkírun kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ń ṣe é, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kì í ṣe ènìyàn burúkú.

Ọjọ́ kan ló ń kọjá lẹ́nu yàrá ọkọ rẹ̀, tó gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Àṣàkẹ́," ó ń wí. "Àṣàkẹ́ mi, ṣé o ti jẹun?"

Zùwáírátù dá ohùn yẹn mọ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì ń gbé inú yàrá kan ní Agbowó, òun ni wọ́n ń fi ohùn yẹn pè. "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o ti jẹun?" Látìgbà tó ti di Ìyá Suhail, kò sẹ́ni tó tún rántí Àbẹ̀kẹ́ mọ́. Ọkọ ẹni, ohùn kan náà, ó ti di ti ọmọ ẹlòmíràn.

Owú dì í láyà mú. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, kò lè wo àwòrán tó yà. Àga ìrọ̀gbọ̀kú tó yà sí kọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ ló ń rí nínú rẹ̀, tó gbé orí lé ẹsẹ̀ Shakirah, tí kò rántí pé ọ̀nà Bódìjà wà láyé.

Ibẹ̀ ló wà tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ọlárónkẹ́ ni.

"Zùwá, ọwọ́ ẹ mà dáa o. Wọn ò pẹ́ mọ́. Bí wọ́n bá ti gbé ṣíbí sílẹ̀ báyìí, ìdí wọn ti kúrò lórí àga."

Ó rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó pa fóònù. Ó tún fa àwòrán náà mọ́ra. Ṣàítánì kì í pariwo bó bá ń bọ̀. Ó kàn bi í wẹ́rẹ́ pé, bí àga bá lè lé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò níṣẹ́ tó ń ṣe, ṣé kò ní lè lé ọkọ?

Ó fa àwòrán náà ya.

Ayẹni ni káfíńtà tó máa ń bá a ṣiṣẹ́. Nígbà tó rí àwòrán tuntun, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Ìyá Suhail, ṣé ẹ ò ṣì í mú? Àga ilé oúnjẹ lẹ yà yìí."

"Mi ò ṣì í mú."

"Ilé lẹ pè é fún mi o. Ilé ìyàwó tuntun."

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní nìyẹn. Fi awọ tó ń dán bò ó, kó wu ojú. Má fi fọ́ọ̀mù tó nípọn sí i."

Ayẹni mi orí. "Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín," ó wí, ó sì ká ìwé náà.

Ohun tó ń dunni níbẹ̀ ni pé ilé náà lẹ́wà. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà á yìn ín. Ògiri pọ́n bí ọsàn tó gbó, táìsì funfun ń dán, awọ àga ń kọ mànà, gílóòbù kún òkè àjà. Ẹni tó bá dúró ni mo wí. Ẹni tó bá jókòó ni ilé náà ń bá jà. Kò sí ibi tí èèyàn máa gbé ìgbọ̀nwọ́ lé tí kò ní bá igun irin. Kò síbi tí èèyàn lè gbé ife tíì sí. Gbogbo àga kọ ẹ̀yìn sí ìlẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó kọ ẹ̀yìn sí ìlẹ̀kùn, ọkàn rẹ̀ á máa ṣọ́ ẹni tó ń bọ̀. Nínú yàrá, ó gbé bẹ́ẹ̀dì dojú kọ ẹnu ọ̀nà gan-an, ó fi iná funfun kan náà sókè rẹ̀.

Ọjọ́ tí Shakirah kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ lórí táìsì.

"Ìyálé mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ orogún dẹ́rù bà mí. Àṣé ìyá ni Ọlọ́run fẹ́ fún mi."

"Dìde, ọmọ dáadáa," ni Zùwáírátù wí. "Má yí ohunkóhun padà níbẹ̀ o. Bó o bá gbé ẹyọ kan kúrò, gbogbo rẹ̀ á dàrú."

"Kí n yí iṣẹ́ ọwọ́ yín padà? Ká má rí i."

Alhaji pín ọjọ́ rẹ̀ dọ́gbadọ́gba láàrin àwọn méjèèjì, bí ẹ̀sìn ṣe wí. Àwọn ọjọ́ ti Bódìjà, àwọn ọjọ́ ti Akobo. Kò pẹ́ rárá tí ọkọ̀ rẹ̀ fi wọ ọgbà Bódìjà lẹ́yìn Ìṣáì, lọ́jọ́ tó yẹ kó wà ní Akobo.

"Kí ló dé, Alhaji? Ọjọ́ Akobo mà lòní."

"Mo gbàgbé ìwé ilẹ̀ kan síbí ni."

Kò wá ìwé kankan. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Kí Zùwáírátù tó gbé omi dé, oorun ti gbé e lọ. Ìyálé dúró, ó ń wò ó, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó jí ẹran tí wọn ò rí i mú.

Lọ́jọ́ mìíràn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló ní òun gbàgbé. Nígbà tó yá, kò wá àwáwí mọ́. Á kàn wọlé.

"Mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí ní Akobo," ó sọ lọ́jọ́ kan, ó ń ra ojú. "Bí mo bá ti jẹun tán, ara mi kì í balẹ̀. Á kàn máa ṣe mí bíi pé mo ní ibì kan í lọ. Shakirah ò sì ṣẹ̀ mí o. Àbí iná yẹn ló mọ́lẹ̀ jù?"

"Bí ilé òde òní ṣe rí nìyẹn. Ó máa mọ́ yín lára."

"Bóyá èmi ni mo ti dàgbà jù fún ìyàwó kékeré."

"Ẹ ti mọ ibi tí ara ti ń tù yín ni," ni Zùwáírátù wí, ó sì bu ọbẹ̀ kún ọbẹ̀. Ó ti ń se oúnjẹ dè é ní ọjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ti ń lo tùràrí tó dáa jù ní ọjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìtìjú ti kúrò lójú rẹ̀ pátápátá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Shakirah wá bá a ní Ring Road lẹ́yìn tí wọ́n jáde iléèwé. Ó ti rù. Ó jókòó, ó ń yí etí ìborùn rẹ̀ mọ́ ìka.

"Ìyálé mi, ẹ má bínú. Kò sẹ́ni tí mo lè bi àfi ẹ̀yin. Kí lẹ máa ń ṣe fún Alhaji tí wọ́n fi máa ń dúró?"

"Bíi báwo?"

"Wọn kì í pẹ́ lọ́dọ̀ mi. Wọ́n á jẹun, wọ́n á máa wo aago. Mo ní ká jọ sọ̀rọ̀, wọ́n á jókòó díẹ̀, wọ́n á dìde. Mo ti pààrọ̀ ọbẹ̀. Mo ti ra aṣọ. Ìyá mi ń bi mí pé ṣé mo máa ń bá wọn jà ni. Mi ò bá wọn jà." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Èmi náà ò lè jókòó jẹ́ẹ́ mọ́. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo ti ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ. Mo rò pé ìbànújẹ́ ló fà á."

Ó wọ Zùwáírátù lára, mi ò ní sọ pé kò wọ̀ ọ́. Ó ti la ẹnu. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ, pé kó kó àwọn àga yẹn jáde.

"Wọ́n máa ń pè mí ní Àṣàkẹ́ nígbà yẹn," Shakirah tún wí. "Ní báyìí, wọn kì í tiẹ̀ pè mí."

Inú ìyálé dùn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, inú rẹ̀ dùn. Ẹnu tó ti là pa dé.

"Sùúrù ni," ó wí, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. "Ọkùnrin ń fẹ́ sùúrù. Máa gbàdúrà."

Ẹ wo ìmọ̀ràn. Ẹni tó tilẹ̀kùn mọ́ ni, tó mú kọ́kọ́rọ́ dání, òun ló ń ní ká ní sùúrù.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti Zùwáírátù ò tiẹ̀ tó ọdún kan. Ọlárónkẹ́ ló kọ́ ilé tirẹ̀ parí, tó wá kí i ní Bódìjà lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan.

"Zùwá, o ti ṣe ṣọ́ọ̀bù mi, ó ku ilé mi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ́kọ́ wo ilé kan tó o ṣe, kí n lè mọ ohun tí mo máa bèèrè."

"Èyí tó o jókòó sí yìí ńkọ́?"

"Èyí ti pẹ́. Tuntun ni mo fẹ́ rí."

Alhaji ń bọ̀ láti inú yàrá, ó gbọ́. Ọkùnrin tó máa ń fi iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ yangàn ni. "Tuntun kẹ̀? Ti Akobo wà ńbẹ̀. Ẹ jẹ́ n gbé yín lọ wò ó."

"Alhaji, ẹ má dààmú ara yín," ni Zùwáírátù sáré wí. "Shakirah lè máa sinmi."

"Mo ti ń lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ rẹ̀ lòní."

"Àwòrán rẹ̀ wà lórí fóònù mi."

"Ṣé inú àwòrán ni mo máa gbé ni?" Ọlárónkẹ́ ti gbé báàgì. "Dìde jàre, jẹ́ ká lọ."

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni Zùwáírátù jókòó sí. Àwọn tó wà níwájú ń sọ̀rọ̀ simẹ́ńtì tó wọ́n, òun ń gbàdúrà kí táyà bẹ́. Táyà ò bẹ́. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Shakirah lórí fóònù pé àwọn ń bọ̀, kó ní òun ò sí nílé. Ọ̀rọ̀ náà ò yé ọmọ yẹn, ó dá a lóhùn pé òun wà nílé, ìyálé mi, kí wọ́n máa bọ̀, òun ti ń po sóbò.

Ọlárónkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ó mà dáa o," ó wí. Ó wá lọ jókòó.

Ó sún ìdí sọ́tùn-ún. Ó sún un sósì. Ó wo gílóòbù, ó bojú wẹ̀yìn wo ìlẹ̀kùn. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Zùwá, o ò ṣe é. Àga mi rèé. Àga Challenge."

"Wọ́n kàn jọra ni. Jẹ́ ká lọ wo kíṣìnì."

"Kíṣìnì wo? Ṣé mi ò ní dá ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi mọ̀?" Ó kọjú sí Alhaji, ẹ̀rín ò tíì tán lẹ́nu rẹ̀. "Alhaji, ẹ fẹ́ kí àlejò yín máa tètè lọ ni?"

"Báwo lẹ ṣe wí?"

"Àbí ẹ ò mọ̀? Ọgbọ́n ìyàwó yín ni. Àga tí kì í jẹ́ kí oníbàárà pẹ́ nìyí. Ó ti tẹ̀ síwájú báyìí, ẹ̀yìn èèyàn ò ní ríbi fara tì. Iná yìí á máa ta á lójú. Ẹ wo bó ṣe kọ ẹ̀yìn sí ìlẹ̀kùn. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, kò ní mọ ohun tó ń ṣe òun. Á kàn máa ṣe é bíi pé ó ní ibì kan í lọ."

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tirẹ̀ náà kú díẹ̀díẹ̀. Ó ń wo ojú ọ̀kan, ó ń wo ti èkejì, ara sì bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú pé òun ti sọ ohun tí kò yẹ kóun sọ.

Alhaji lọ jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga náà. Ó fara tì í, ó tún dìde. Ó jókòó sórí òmíràn, ó dìde níbẹ̀ náà. Shakirah gbé àwo ife sóbò dání, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

"Ìyá Suhail," ni Alhaji wí, "ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Zùwáírátù kọjú sí ìlẹ̀kùn.

"Mo ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká délé."

"Ilé la wà yìí. Ilé mi nìyí."

Shakirah bẹ̀rẹ̀, ó gbé àwo náà sórí táìsì. "Ìyálé mi," ó wí. "Mo wá bá yín. Mo sunkún níwájú yín. Ẹ ní kí n máa gbàdúrà."

Èyí dun Zùwáírátù ju èébú lọ. Ó kúnlẹ̀, ìyálé kúnlẹ̀ fún ìyàwó. "Owú ló ṣe mí," ó wí. "Owú ni. Ẹ forí jì mí."

Alhaji ò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ìbá sàn.

"Gbogbo ìgbà tí mo dìde níbí tí mo wá bá ẹ," ó wí, "mo rò pé ìfẹ́ ẹ ló ń fà mí. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú ọkọ̀, pé láti Agbowó títí di ìsinsìnyí, ọkàn mi ṣì ń fà sí ìyàwó mi. Àṣé àga ló ń lé mi. O sì sọ mí di ẹni tó ń jẹ ẹ̀tọ́ ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀. Èmi ni Ọlọ́run máa bi, kò ní bi àga."

Ọlárónkẹ́ rọra gbé báàgì rẹ̀, ó lọ wọ kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà. Títí dòní, kò pe Zùwáírátù wá ṣe ilé rẹ̀.

Zùwáírátù rò pé wọ́n á lé òun. Wọn ò lé e. Ó bẹ Shakirah pé kó jẹ́ kóun tún ilé náà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kóun ṣe èyí tó dáa jù tóun ṣe rí. Shakirah ní rárá, wọ́n ṣeun. Ó pe Ayẹni pé kó wá kó àwọn àga náà lọ. Òun fúnra rẹ̀ lọ sí Dùgbẹ̀, ó ra àga ńlá aláwọ̀ ewé kan tí kò bá ògiri mu, tí kò bá kọ́tìnnì mu, ó tì í sí kọ̀rọ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á fọwọ́ bojú. Orí àga yẹn ni Alhaji máa ń sùn lọ sí bó bá ti kírun tán.

Ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀. Alhaji lọ bá ààfáà rẹ̀, ó ṣàlàyé, ààfáà sì sọ fún un pé ọjọ́ tí ọkọ bá jẹ ìyàwó, ó gbọ́dọ̀ san án padà. Ó wá sọ ọ́ fún Zùwáírátù lórí ìdúró.

"Mo jẹ Shakirah ní ọjọ́ púpọ̀. Nínú ọjọ́ tìẹ ni mo ti máa san án. Títí tí mo máa fi san án tán, Akobo ni mo wà."

Kí ló fẹ́ sọ? Ẹní da eérú ni eérú ń tọ̀. Obìnrin tó ń jí ọjọ́ orogún wá jókòó sínú pálọ̀ tó dáa jù ní Bódìjà, nínú àga tó rọ̀ jù, kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ó sọ fún mi pé òun ò mọ̀ pé ilé lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Alhaji san án tán, ó padà bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìtàn yìí, tẹ́ ẹ ń rò pé bí ìjà bá ti tán, gbogbo nǹkan ti tán, ẹ fetí sílẹ̀. Ọkùnrin náà ò bá a jà. Ó ń wá ní ọjọ́ tirẹ̀, ó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀, ó ń béèrè àlàáfíà rẹ̀, ó ń sanwó iléèwé Suhail. Bí ọjọ́ Bódìjà bá ti parí, ó ti lọ nìyẹn. Kò dín, kò lé. Òjò ńlá kan rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Akobo kan, ó gbé ìwé wá fún Suhail. Zùwáírátù na agboòrùn sí i pé kó wọlé kí òjò dá. "Ọjọ́ Shakirah ni," ó wí, ó sì jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́nu géètì títí òjò fi dá.

Owú ṣì ń jẹ ẹ́, kí n má tàn yín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Shakirah ló ń jowú rẹ̀ mọ́. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ máa ń dúpẹ́ nítorí rẹ̀ nínú ọkọ̀ ló ń jowú, bẹ́ẹ̀ òun náà kúkú ni.

Níjọ́sí, ọjọ́ tirẹ̀ ni, ó gbé oúnjẹ síwájú ọkọ rẹ̀, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Alhaji, tí kò bá jẹ́ pé ọjọ́ mi lòní, ṣé ẹ máa wá?"

Ọkùnrin náà fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó fi aṣọ nù ún, ìka kan lẹ́yìn èkejì.

"Ọjọ́ rẹ lòní," ó wí. "Mo sì ti wá."